Wọ́n Ní Kí N Gé Ọjọ́ Orí Ọmọ-Ọmọ Mi

Ọmọ-ọmọ mi tó ń gbá bọ́ọ̀lù lókè òkun pè mí lónìí, lẹ́yìn tó ti pa mí tì látọjọ́ yìí. Mo rò pé ó fẹ́ kí mi ni.

"Ìyá àgbà, bí oníròyìn bá dé Ìkàrẹ́, ẹ ní ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí o. Àwọn ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kì í ra àgbà."

"Ràṣíìdì, gbogbo àdúgbò ló jẹ sàráà ogún ọdún ikú ìyá rẹ. Ṣé inú sàréè ló ti bí ọ?"

Ó pa fóònù.

Bí mo bá purọ́, á jẹ́ pé ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí kú láìbímọ. Bí mo bá sọ òótọ́, ẹnì kan tó kù fún mi kò ní pè mí mọ́.

Aládùúgbò mi ló ń bá mi tẹ èyí. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, kí ni kí n sọ fún oníròyìn?