Yàrá Kẹta Tí A Wò ní Festac

Láti aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo ti wọ bàtà, bẹ́ẹ̀ aago mẹ́wàá ni ajẹ́ńtì ilé ní ká pàdé. Mo jókòó, mo dìde, mo tún ilẹ̀ tí mo ti gbá gbá. Ọmọ ọmọ mi ti wọ yunifásítì, àwọn aláṣẹ sì ní kò sí ibùsùn mọ́ nínú ọgbà. Bàbá rẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, wà ní Kánádà. Èmi tí mo tọ́ ọ láti ọmọ ọdún mẹ́ta ni òbí tó ní nítòsí. Ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ tí mò ń wí yìí. Ọjọ́ Ajé ni iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ ní kíláàsì.

Kuje Amuwo la kọ́kọ́ lọ. Ọmọbìnrin mẹ́fà ló wà nínú yàrá tí n kò lè kó adìyẹ sí, ilé ìwẹ̀ kan sì ni gbogbo ilé ń lò. Mo bi ọ̀kan nínú wọn léèrè ìgbà tó ń jí.

"Aago mẹ́rin ni o, Màmá. Ẹni tó bá jí ní márùn-ún, ojú nìkan ló máa bọ́."

Ọmọ ọmọ mi rẹ́rìn-ín. Èmi ti ń wá ọ̀nà àbájáde.

Yàrá ti Abúlé Adó fẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń wọlé dáadáa. Ṣùgbọ́n páìpù epo kò jìnnà síbẹ̀. N kò tíì gbàgbé àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi tí ibẹ̀ bú gbàmù, tí ilẹ̀ mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi ní Amuwo níbi tí mo ti háyà ilé. Mi ò jókòó, mi ò sì jẹ́ kí ọmọ jókòó.

Ajẹ́ńtì ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Festac tó kù yìí, ẹ̀yin gan-an lẹ máa fẹ́ sùn síbẹ̀."

Nígbà tí ó yí ọkọ̀ sí àdúgbò náà, mo mọ ilé tí à ń lọ. Mo ti sùn síbẹ̀ rí, fún ọdún méjìdínlógún.

Ìjọba ló pín ilé náà fún ọkọ mi. Owó iṣẹ́ tíṣà mi la fi kọ́ ilé ìdáná sí ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tó kú, àbúrò rẹ̀ obìnrin kó àwọn àgbà ẹbí wá, wọ́n ní ilé ti ẹbí ni, kí n máa lọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni àbúrò ọkọ mi yìí nígbà tí wọ́n gbé mi wọlé. Èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́, tí mò ń di irun rẹ̀. Ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, nítorí náà mo fún un ní orúkọ dídùn kan. N kò ní kọ ọ́ síbí. Kò tọ́ sí i mọ́. Ẹ̀bi mi náà wà níbẹ̀. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti ka ìwé kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, n kò bèèrè ìwé ilé rí. Mo rò pé ilé ọkọ mi, ilé mi ni.

Ilé ìdáná mi gan-an ni yàrá tí wọ́n fi hàn wá. Wọ́n ti kùn ún ní funfun, wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì àti tábìlì sí i. Sítóò mi ti di ilé ìwẹ̀.

"Mọ́mì àgbà, èyí ni o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́!"

Ìsàlẹ̀ ògiri ẹ̀yìn ni mò ń wò. Lásìkò òjò, omi a máa gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọkọ mi rẹ́ ẹ, asán ni. Mo di tábìlì mú, mo fi orúnkún tó ń ro mí kúnlẹ̀, mo fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri.

Ẹnìkan sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi. "Háà, ìyàwó wa! Dìde, dìde, mo ti gbọ́. Mo mọ̀ pé lọ́jọ́ kan o máa wá kúnlẹ̀."

Òun ni, àbúrò ọkọ mi. Ajẹ́ńtì gbójú sókè, ó ń wo àjà.

Ògiri náà gbẹ. Inú mi ìbá dùn bó bá tutù. Mo lè parọ́ pé ó tutù, ká padà sí Kuje. Mo sì lè wí fún un pé ògiri ni mo kúnlẹ̀ fún, kó lé wa jáde. Ọmọ náà ń wò mí, ó ti gbé báàgì rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì.

Mo dìde. Mo ní, "Ìwé àdéhùn dà?"

"Ta ló ni ọmọ yìí?"

"Ọmọ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ."

Ó di ojú ọmọ náà mú. "Imú bọ̀dá mi rèé! Kó máa kó ẹrù wọlé jàre. Ìwé kí ló tún kù láàárín ẹbí?"

"Nítorí pé ẹbí ni."

Mo ní kí wọ́n kọ orúkọ ọmọ náà ní kíkún sínú ìwé àdéhùn. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo tún un kà, kí n tó gbé bírò fún àbúrò ọkọ mi. Ó fọwọ́ sí i níṣojú wa.

Láti ìgbà náà, etí títì ni mo ti ń gbé gààrí àti ata díndín fún ọmọ náà. N kò tún kọjá géètì. Bí òjò bá rọ̀ láàárọ̀, mo máa pè é.

"Ògiri ńkọ́?"

"Ó gbẹ, Mọ́mì àgbà. Ẹ̀yin náà ẹ wá wò ó."

Mo máa ní kò burú. Kí n tó pè é, bàtà mi ti wà lẹ́sẹ̀.