Èéfín Abẹ́ Iyanrìn

Mo fẹ̀yìn lélẹ̀ lẹ́yìn ìrun alẹ́, èémí kò wọlé. Ó dà bí ẹni pé ẹnìkan jókòó lé mi láyà. Mo dìde jókòó, ó wọlé díẹ̀. Mo tún dùbúlẹ̀, ó tún kọ̀, àyà mi sì ń dún bíi fèrè. Bí èmi tí wọ́n máa ń bú pé mò ń hanrun ṣe di ẹni tó ń sùn níjòókòó nìyẹn, tí mo fẹ̀yìn ti ògiri.

Fúláàtì ìjọba ní Ìlasàn là ń gbé nígbà náà, àwọn ológun ló sì wà lórí oyè. Ní Sátidé ìmọ́tótó, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ jáde títí a ó fi gbálẹ̀ tán. Ọkọ mi, Bàbá Sikírù, ni alága ìmọ́tótó bulọ́ọ̀kù wa. Wọ́n á kó ìdọ̀tí jọ sẹ́yìn ilé, lábẹ́ fèrèsé yàrá wa gan-an: ọ̀rá, bàtà rọ́bà, táyà ògbólógbòó. Wọ́n á dáná sun ún. Tí àwọn wolé-wolé bá ti fẹ́ dé, ọkọ mi á ní kí wọ́n bu iyanrìn bò ó. Iyanrìn kò sì wọ́n lọ́dọ̀ tiwa. Ilẹ̀ á tẹ́jú, wolé-wolé á yìn wọ́n, wọ́n á lọ. Ṣùgbọ́n iná ò kú. Ó ń jó lábẹ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, èéfín rẹ̀ sì ń gba fèrèsé wọlé tọ̀ mí wá.

Ìyá ọkọ mi ní ọwọ́ ayé ni. Mo mu àgbo, mo fi róòbù para, oorun ò wá. Télọ̀ ni mí. Mo tòògbé nídìí ẹ̀rọ títí mo fi rán apá bùbá oníbàárà mọ́ ọrùn.

Nílé ìwòsàn, mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ di ọ̀sán. Àwọn obìnrin àdúgbò wa kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń mí bí èmi. Dókítà ní ikọ́ fée ni, èyí tí wọ́n ń pè ní ásímà. Ó ní ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ̀dọ̀fóró ló wú nínú, tó sì fún; afẹ́fẹ́ tó ń fipá gba ibi tóóró náà kọjá ló ń dún. Èéfín máa ń ru ú sókè, ìdùbúlẹ̀ sì máa ń jẹ́ kó le sí i. Ó fún mi ní abẹ́rẹ́ àti oògùn oníhóró.

“Ẹ sá fún èéfín, ìyá.”

Kí n sá lọ síbo? Orí bẹ́ẹ̀dì mi ló ń bá mi.

Mo sọ fún ọkọ mi. “Èéfín wo?” ló ní. “Ṣebí iyanrìn ni gbogbo ayé ń rí níbẹ̀.” Inú bí mi.

Mo lọ sí ilé bàbá mi létí ọ̀sà ní Ajah fún ìsọmọlórúkọ. Mo sùn gbalaja lórí ẹní títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo padà délé, mo tún di oníjòókòó. Ó tán, mo ti mọ̀ pé èéfín yẹn ni.

Ní Sátidé ìmọ́tótó tó tẹ̀ lé e, wolé-wolé dúró lórí iyanrìn náà. “Alága, ẹ káre. Ibí mọ́ tónítóní.” Mo mú ṣọ́bìrì.

“Ìyá Sikírù, kí lò ń ṣe yẹn?” ni ọkọ mi wí.

“Mo fẹ́ fi ibi tí oorun mi wà han àwọn àlejò yín.”

Mo gbẹ́ ẹ. Èéfín dúdú rú jáde, wolé-wolé fi fìlà bo imú, ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ.

“Ẹ má sá,” mo ní. “Ẹ mí in díẹ̀. Òun ni mò ń mí sùn.”

Bàbá Sikírù bínú sí mi. Ṣùgbọ́n òun náà ló da omi sí i, tó sì ṣáájú àwọn tó kó o lọ jìnnà sílé. Wọn ò dáná síbẹ̀ mọ́.

Ikọ́ fée ò lọ pátápátá; oògùn mi ò jìnnà sí ìrọ̀rí. Ṣùgbọ́n mò ń dùbúlẹ̀ sùn. Tó bá ń ṣe yín bẹ́ẹ̀, ẹ lọ rí dókítà, kí ẹ sì wo ẹ̀yìn fèrèsé yín. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àyà mi. Nígbà tí gbogbo wọn ń yin iyanrìn, òun nìkan ló kọ̀ tí kò dùbúlẹ̀.