Iyanrìn Pupa Inú Kábúrétọ̀

Gbogbo ilẹ̀ àdúgbò wa ní Ọ̀jọ́, iyanrìn funfun ni. Bí èèyàn bá gbẹ́ ẹ títí tí omi fi yọ, funfun náà ni yóò máa bá pàdé. Nítorí náà, nígbà tí mo kọ́kọ́ tú kábúrétọ̀ alùpùpù bàbá mi, tí mo rí nǹkan pupa lúbúlúbú nísàlẹ̀ ife kékeré tí epo ń dúró sí, mo ní irin tó dógùn-ún ni. Kí ni ìbá tún jẹ́? Ó ti pẹ́ tí máṣíìnì ọ̀hún ti wà lẹ́yìnkùlé wa lábẹ́ páànù.

Orí rẹ̀ ni bàbá mi wà nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kan gbá wọn lójú títì Àgbádárìgì, ní Òkòkòmáìkò, nígbà tí mo ṣì wà níléèwé. Iná iwájú nìkan ló fọ́ lára máṣíìnì náà, ohun tí mi ò fẹ́ràn láti máa rántí nìyẹn. Wọ́n gbé bàbá mi lọ sí ìlú wa lápá Abẹ́òkúta, wọ́n sin wọ́n síwájú ilé bàbá wọn. Wọ́n sì ti máṣíìnì wá sílé fún èmi àti ìyá mi, àwa méjèèjì péré tó kù.

Níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, mo rí iṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì kan ní Ìjanikin. A gbọ́dọ̀ ti wà nídìí ààrò kí ilẹ̀ tó mọ́, ọkọ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ sí lójú títì nírú àkókò yẹn. Ọ̀gá mi ti kìlọ̀ pé bí mo bá tún pẹ́ dé, kí n má wulẹ̀ wá mọ́. Máṣíìnì yẹn ni mo gbójú lé.

Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi, wọn ò bá mi jà. Wọ́n kàn wò mí, wọ́n ní, "Ṣé kò síṣẹ́ mìíràn láyé ni?" Wọ́n bá wọlé lọ.

Mo fi ẹ̀yọ ìgbálẹ̀ gún ojú jẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ihò tín-ín-rín tí epo ń gbà kọjá nínú kábúrétọ̀. Mo fọ gbogbo ẹ̀, mo tò ó padà, mo fẹsẹ̀ ta á. Ó dáhùn! Inú mi dùn débi pé mo pariwo. Mo gùn ún jáde, àmọ́ ó ku díẹ̀ kí n dé títì ló wúkọ́, tó sì kú. Mo tì í wálé, mo tú u. Pupa tún ni.

Bí a ṣe ń bá a yí nìyẹn. Kì í kú nínú ilé, kì í sì í jẹ́ kí n dé orí títì ọlọ́dà. Ibì kan náà ló ti máa ń dáwọ́ dúró, bíi pé ẹnìkan di ìjókòó mú láti ẹ̀yìn. Àwọn ará àdúgbò ń pè mí ní onímáṣíìnì àtì. Orí mi gbóná, mo sọ súpánà mọ́ ògiri, mo bú máṣíìnì náà bí ẹni ń bú èèyàn. Nígbà tó sú mi, mo gbé táǹkì epo lọ bá mẹkáníìkì kan lọ́nà Ìbà, kó bá mi fọ ìdógùn-ún inú rẹ̀ kúrò. Ó da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, ó mì í, ó fọ̀ ọ́, ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀ kí n lè rí i. Inú rẹ̀ ń dán.

"Bọ̀ọ̀dá, rọ́ọ̀sì ti tán nínú ẹ̀," ló wí. "Ẹ lọ máa gùn ún, no wahala."

Mo gùn ún. Ó kú síbi tó máa ń kú sí.

Ọjọ́ yẹn ni mo fẹnu sí i. Bí jẹ́ẹ̀tì bá dí tí ìgbálẹ̀ ò ran án, ẹnu la fi ń fẹ́ ẹ. Mo fẹ́ ẹ, kò là. Mo wá fà á mu. Nǹkan kan bọ́ sórí ahọ́n mi, ó ń rún wórówóró láàárín eyín mi. Mo mọ adùn yẹn. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń bu erùpẹ̀ iwájú ilé bàbá bàbá mi jẹ, wọ́n nà mí títí kí n tó jáwọ́. Erùpẹ̀ pupa ni, ó máa ń kan díẹ̀, ó sì ń tutù lẹ́nu. Òun ló wà lẹ́nu mi yìí, ní Ọ̀jọ́. Iwájú ilé yẹn náà ni sàréè bàbá mi wà.

Mo tu ú sí àtẹ́lẹwọ́, mo gbé e lọ bá ìyá mi níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà. Wọn ò jẹ́ kí n bèèrè.

"Èmi ni," wọ́n wí. "Ọjọ́ tá a sin wọ́n ni mo bu erùpẹ̀ sàréè wọn díẹ̀ sétí ìró mi. Ọjọ́ tó o ní o fẹ́ gun máṣíìnì ni mo dà á sí táǹkì. Mo ní, Bàbá ọmọ mi, ẹ bá mi di ọmọ yìí mú, ẹ má jẹ́ kó dé títì yẹn."

"Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ dà á, Màmá?"

"Ẹ̀ẹ̀kan náà ni. Ìwọ̀nba tíka méjì lè mú. Kò sí òmíràn lọ́wọ́ mi."

Mo sọ fún wọn pé mẹkáníìkì ti fọ táǹkì náà mọ́ tónítóní. Kò yà wọ́n lẹ́nu rárá. Ẹ̀rù bà mí, inú sì tún bí mi. Mo ní kí wọ́n yáa sọ fún bàbá mi pé kí wọ́n fi mí sílẹ̀, nítorí iṣẹ́ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ìyá mi gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀. "Mo mọ bí mo ṣe ní kí wọ́n dì ọ́ mú. Báwo ni màá ṣe ní kí wọ́n fi ọ́ sílẹ̀? Ṣé ẹnu mi yìí náà ni màá fi sọ pé kí wọ́n jẹ́ kó o máa lọ?"

Mo gbọn erùpẹ̀ ọwọ́ mi sétí ìró wọn, wọ́n sì dì í ní kókó.

Mo ká ẹní mi, mo lọ ń sùn ní ilé búrẹ́dì ní Ìjanikin, kí n má baà pẹ́ dé síbi iṣẹ́. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni mò ń wálé. Ní Àìkú àkọ́kọ́, ẹ̀yìnkùlé ni mo gbà wọlé. Ìyá mi dúró ti máṣíìnì náà, wọ́n ń fi aṣọ nu ojú ìjókòó rẹ̀. Wọn ò tíì rí mi.

"Bàbá ọmọ mi," wọ́n wí, "ẹ kú iṣẹ́ o. Ó wá ku èmi nìkan nílé."