Igbe Gàzálì Nínú Fóònù Màámi

Bí o bá fẹ́ ra òògùn lọ́wọ́ màámi ní Àgọ́ Aláyé, jọ̀ọ́, má purọ́. Ìyá Nurat ni gbogbo ayé ń pè é, èmi sì ni Nurat. Kí obìnrin tó dárúkọ òògùn tán ni màámi á ti bi í pé, "Ṣé ò ń fún ọmọ lọ́mú?" Ó bi Màmá Àríkẹ́ náà rí, ẹni àádọ́rin ọdún! Màmá ní, "Ta ni kí n fún, ṣé ọkọ mi?" Ojú ò tiẹ̀ ti màámi.

Àwọn abiyamọ mìíràn á gbé ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ aládùúgbò kí wọ́n tó wá, kí màámi má baà dà wọ́n láàmú. Wọn ò mọ̀ pé igbe Gàzálì, ọmọ mi, wà nínú fóònù rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ló gbà á sílẹ̀. Ọmú abiyamọ kì í gbọ́ igbe ọmọ kó dákẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Límátù dé láti Ajue. Gaàrí ló ń yan, èéfín sì ti sọ ikọ́ sí i láyà. Ó ní òun fẹ́ òògùn ikọ́ tó le, èyí tó ń múni sùn fọnfọn.

"Ṣé ò ń fún ọmọ lọ́mú?"

"Rárá o, Ìyá Nurat. Mo ti já a lẹ́nu ọmú tipẹ́."

"Ó dáa." Màámi na ọwọ́ kan sí pẹpẹ òògùn, ó fi èkejì tẹ fóònù. Gàzálì figbe ta. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ̀rín ti fẹ́ pa mí. Kí n tó yíjú padà, omi ọmú ti rin búláòsì Límátù gbingbin.

"Ọmọ oṣù mélòó?" ni màámi bi í.

"Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún." Ló bá gbaná jẹ. Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀! "Ẹ dójú tì mí, mà! Ṣebí èmi ni mò ń wúkọ́? Àbí kí n kúkú já a lẹ́nu ọmú ni?"

"Ta ló ní kí o já a? Òògùn ikọ́ tí kò ní pa ọmọ lára wà. Lọ rí nọ́ọ̀sì, kí o sì sọ fún un pé ò ń tọ́mọ. Èyí tó ń múni sùn fọnfọn yìí á bá omi ọmú dé ọ̀dọ̀ ọmọ." Màámi jókòó. "Èmi náà purọ́ fún oníkẹ́míìsì rí. Mo mu òògùn, mo sùn, ọmọ náà sùn. Ilẹ̀ mọ́, kò jí. Ọ̀sán pọ́n, kò mu ọmú. Lórí ọ̀kadà láti Araromi-Obu, mò ń ja á léèékánná ní àtẹ́lẹsẹ̀, mò ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ké. Ẹ̀rù bà mí, Límátù. Ọsibítù la dé kó tó ké."

"Ṣé ọmọ náà yè?"

Màámi fẹnu júwe mi. "Òun ló dúró tó ń rẹ́rìn-ín yẹn."

Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi rí. Látọjọ́ tí mo ti ń fi igbe yẹn ṣe yẹ̀yẹ́!

Límátù ti ń fa ìró rẹ̀ so. "Ẹ jẹ́ n tètè lọ rí nọ́ọ̀sì, mà. Ọmọ mi á ti máa ké."

"Jẹ́ kó ké," ni màámi wí. "Kó ké dáadáa."