Ẹ̀gbọ́n Mi Tó Ń Ki Oníbàárà Kó Tó Tú Aṣọ

Àjíkẹ́ ọmọ aláró, ọmọ a-raṣọ-dúdú-bí-òjò-ọ̀sán, ọmọ ẹ̀yìn odi Kétu tí kì í jẹ́ kí àlejò sùn lébi, ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, ti lọ. Èmi tó pọ̀n dàgbà ni mo kù, tí mo ń fi ìwé díẹ̀ tí mo kà kọ èyí.

Mo rántí ìgbà tí àwọn Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àsíá wọn lọ, tí àwa méjèèjì ń ta aṣọ ní ọjà Kétu. Ẹ̀gbọ́n mi kì í tú aṣọ kó tó mọ ẹni tó fẹ́ rà á. "Ọmọ ta ni ọ́?" ni yóò kọ́kọ́ bi ọ́. Bí o bá ti dáhùn, yóò ki ilé bàbá rẹ, yóò ki ti ìyá rẹ mọ́ ọn, yóò sì béèrè ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá yín àgbà. Àgbàlagbà tó wá wo aṣọ lásán á rẹ́rìn-ín, á sì rà. Àwa gbà pé òwò nìyẹn.

Àfi bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe dẹ́kun wíwá. Wọ́n á gba iwájú wa kọjá lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ti Àjàṣẹ́ wá, bẹ́ẹ̀ aṣọ kan náà ni àwa àti òun jọ ń tà. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọ̀ aṣọ wa ni wọn ò fẹ́. Ó pààrọ̀ àwọ̀. Ó ní bóyá òdòdó ara aṣọ ló tóbi jù. A kó olódòdó kéékèèké wá, eruku bò ó. Èmi tí mo jókòó nílé-ìwé fúngbà díẹ̀, tí mo wá rò pé mo ti mọ ayé, mo ní kó máa fi èdè Faransé kí wọn ní bọnjúù. Ó kí wọn bẹ́ẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n kọjá.

Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ọdẹ kì í jókòó sílé pé kí ẹran wá bá òun. Níbo ni wọ́n ń péjọ sí?" Bí a ṣe lọ sí bàálì nìyẹn, ijó àwọn ọ̀dọ́, ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ní Idigny, ìlú kan nítòsí wa, níbi tí giramafóònù ti ń ké lábẹ́ igi máńgòrò. Obìnrin tí kì í yọjú síbi tí ọkùnrin àti obìnrin ti ń di ara wọn mú jó, ó jókòó sórí àpótí, ó fi ìborùn bo orúnkún.

"Ìyá aláṣọ, ṣé ẹ wá jó ni?" Ọmọkùnrin kan ló wí bẹ́ẹ̀.

"Bí o bá lè gbé mi, wá dì mí mú."

Ẹ̀rín sọ. Ràmátù, ọmọ ìyá alákàsà, ẹlẹ́kọ tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tiwa, wá kúnlẹ̀ tì í. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ràmátù, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?"

"Aṣọ yín dára, ìyá. Ẹnu yín ni. Bí mo bá ra aṣọ lọ́dọ̀ yín, kí n tó délé, ìyá mi á ti gbọ́ iye ọ̀pá tó jẹ́. Ará Àjàṣẹ́ yẹn ò mọ ìyá ẹnì kankan."

Láti ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n mi panu mọ́. Ẹ bá mi wò ó: ẹni tó mọ oríkì gbogbo agboolé, ó wá ń tajà bí ẹni tó dé ìlú lánàá. Bí ọmọ ẹni tó mọ̀ bá dúró níwájú rẹ̀, á fi eyín di ètè mú. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ padà wá, ìsọ̀ wa kún. Mo ní, ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀-Ifẹ̀. Inú mi ń dùn kiri.

Ràmátù náà wá. Ó ra ìró méjì àti ìborùn tó nípọn, ó ní ká dì í le kó má baà tú lọ́nà. Ọ̀nà wo? Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, mo wò ó. Ó ti lanu tán láti bi í. Ọmọ náà gbójú sókè, ojú yẹn ń bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi panu dé, ó so okùn náà.

Ní ọjọ́ kejì ìyá alákàsà sáré dé láìwé gèlè. Ọmọ rẹ̀ ti bá ọkọ̀ akẹ́rù lọ, bóyá Kútọnu, bóyá Nàìjíríà, ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

"Ìwọ lo ta aṣọ fún un?"

"Èmi ni."

"O ò sì bi í níbi tó ń lọ? Ìwọ! Ìwọ tí o bi mí léèrè oṣù oyún mi kí o tó ta ọ̀já tí mo fi pọ̀n ọ́n fún mi!"

Ẹ̀gbọ́n mi dìde kúrò nídìí aṣọ. Ó kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀ fún ẹni tó kéré sí i. Kò sí ohun tí ìkúnlẹ̀ yẹn lè dá padà.

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè, àwọn ọ̀dọ́ tún lọ. Kò tilẹ̀ wò wọ́n mọ́. Àwọn awakọ̀ àti àwọn alájàpá tó ń ti ìrìn-àjò bọ̀ ló ń dá dúró: ẹ ò rí Ràmátù? Ìyá alákàsà kú láìgbúròó ọmọ. Mo ti rò ó títí. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá ti béèrè, ọmọ náà lè purọ́ fún un, ó sì lè lọ ra tirẹ̀ lọ́dọ̀ ará Àjàṣẹ́, kó ṣì lọ. N kò mọ̀. Òun náà kò mọ̀, ohun tó pa á nìyẹn.

Nígbà tí ojú rẹ̀ fọ́, obìnrin yòówù tó bá kí i, á di ọwọ́ rẹ̀ mú, á máa fọwọ́ wo ojú obìnrin náà. Mo mọ ẹni tó ń wá. N kò lè parọ́ fún un pé ó ti dé, n kò sì ní òótọ́ kankan tí mo lè fi rọ́pò irọ́ náà. Mo kàn máa ń ní, "Àlejò ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ fi í sílẹ̀." Á sì fi í sílẹ̀.

Ọjọ́ Àlàmísì ló kú, ní ìrọ̀lẹ́. A sin ín lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun.