Àwọn Méjì Tí A Bí Lọ́dún Eéṣú

Òórùn kòkó tí a sá sí iwájú ilé Bàbá Àgbà ní Òjòwò, n'Ìjẹ̀bú-Igbó, ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn bí mo bá rántí ọdún tí mo gbọ́n jù láyé mi. Mo ní mo gbọ́n jù, àbí kí ni kí n ti pè é? Yunifásítì ni mo wà ní Àgọ́-Ìwòyè nígbà náà, ìtàn ayé àtijọ́ ni mò ń kọ́, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè sọ nínú ilé wa tí n kò ní fi Róòmù dá a lóhùn. Ìyá mi a ní kí n fi Róòmù sílẹ̀ kí n wá pọnmi.

Iṣẹ́ tí olùkọ́ wa gbé fún wa ní sáà kan ni pé kí a mú ọdún kan ṣoṣo, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn, kí a wo bí ilẹ̀ ọba kọ̀ọ̀kan ṣe lo ọdún náà. Iṣẹ́ náà wọ̀ mí lára. Ní Róòmù, orúkọ àwọn ìjòyè méjì tó wà lórí oyè ni wọ́n fi ń pe ọdún. Ní Ṣáínà, orúkọ tí ọba bá fún ìgbà tirẹ̀ ni. Ní Bábílónì, wọ́n ń kà á láti ìgbà tí ọba kan tó ti kú tipẹ́ gorí ìtẹ́. Ọdún tuntun kò tilẹ̀ dé bá wọn lẹ́ẹ̀kan náà: ti Íjíbítì ń dé nígbà tí odò Náílì bá kún, ti Róòmù ń dé nínú òtútù. Oòrùn kan náà ló sì ń ràn sí gbogbo wọn lórí o.

Mo ka iṣẹ́ náà fún Bàbá Àgbà, bàbá tó bí bàbá mi, bó ti ń fi ẹsẹ̀ yí kòkó rẹ̀ ká lórí ẹní. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, “Àwa ńkọ́? Kí ni à ń ṣe níhìn-ín lọ́dún náà?” Mo ní ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́ sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní àwọn tí a kò kọ sílẹ̀ náà jẹun lọ́dún yẹn.

Kò pẹ́ sígbà náà ni olórí ẹbí wa kú. Nínú ẹbí tiwa, ọkùnrin tó bá dàgbà jù ló ń jókòó sí ipò náà, méjì péré ló sì kù: Bàbá Àgbà àti ọbàkan rẹ̀, ọmọ bàbá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Òkè-Àgbò nítorí pé ibẹ̀ ló kọ́lé sí. Ọdún kan náà ni wọ́n bí àwọn méjèèjì, ọdún tí eéṣú jẹ oko run. Ṣùgbọ́n ìyá kan ń gbé Ìjẹ̀bú-Igbó, èkejì ń bá ọkọ wọn gbé ní etí omi, ní ìhà Ògùn Wọ́tásáìdì lọ́hùn-ún. Àwọn ọmọ náà ti ń rìn kí wọ́n tó fojú kan ara wọn. Ìyá bàbá wọn wò wọ́n, ó ní èyí tó sígbọnlẹ̀ jù ni ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Bàbá Àgbà ti ń dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Òkè-Àgbò.

Ọ̀rọ̀ náà kò tẹ́ bàbá mi lọ́rùn, bàbá tirẹ̀ ló fẹ́ kó jókòó sí ipò náà. Ìyá Bàbá Àgbà, tó jẹ́ Mùsùlùmí, máa ń sọ pé ẹ̀yìn Iléyá lòun bí i. Ìyá Bàbá Òkè-Àgbò, tó jẹ́ ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ní ìgbà tí wọ́n ń fọ́ kòkó lòun bí tòun. Gbogbo ẹbí sì gbà pé kòkó ló ṣáájú Iléyá, nítorí bí a ti ń rí i nìyẹn ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn: a ó fọ́ kòkó tán, ọyẹ́ á dé, a ó wá pa àgbò. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, títí di ọjọ́ kan tí mo ń kà pé nígbà kan rí, ọdún Íjíbítì a máa ṣí kúrò lásìkò ìkún odò, tí ara mi bù máṣọ. Iléyá kì í dúró de kòkó! Oṣù ojú ọ̀run la fi ń kà á, ọdọọdún ló sì ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá yá ju ti èṣí lọ. Mo ṣírò rẹ̀ padà sẹ́yìn títí dé ọdún eéṣú, mo bá Iléyá níbi tí òjò àkọ́rọ̀ ti ń rọ̀, tí kòkó kò tíì so. Bàbá Àgbà ni ẹ̀gbọ́n.

Bàbá mi jó. Ó ní ọjọ́ ìpàdé ẹbí lòun yóò là á mọ́lẹ̀. Èmi sáré lọ sí Òjòwò láti lọ gba ìyìn.

Bàbá Àgbà kò yìn mí. Ó ní kí n súnmọ́ òun. Ó ní nígbà tí bàbá wọn kú, ọmọdé làwọn méjèèjì. Ilé-ìwé ni Bàbá Òkè-Àgbò wà, orí rẹ̀ sì pé. Àwọn àgbà ní ẹ̀gbọ́n ló ń wá oúnjẹ fún àbúrò, wọ́n bá mú un kúrò ní ilé-ìwé, ó lọ ń la gẹdú nínú igbó, kí Bàbá Àgbà lè kọ́ṣẹ́ télọ̀. Igi wó lé e lẹ́sẹ̀ níbẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń tiro.

“Torí pé wọ́n pè é lẹ́gbọ̀n-ọ́n ló ṣe gbé ẹrù ẹ̀gbọ́n,” ó ní. “Bí mo bá gba ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí, kí ni kó fi ẹrù tó ti rù ṣe?”

Ó ní kí n sọ fún bàbá mi pé bó bá lanu nípàdé, kó má pe òun ní bàbá mọ́. Inú bí mi. Òtítọ́ kì í ṣìnà, mo ní, ẹ̀rí ló wà lọ́wọ́ mi yìí. Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó wọ bàtà bàbá rẹ̀. Ó ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìyẹn kò tíì yé mi nígbà náà. Lọ́jọ́ ìpàdé, òun ló kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún olórí ẹbí tuntun. Bàbá mi kàn ń wo ilẹ̀ ni.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, Bàbá Àgbà kú lówùúrọ̀, a sì sin ín lọ́jọ́ náà gan-an bí ẹ̀sìn ti wí, nínú ọgbà ilé rẹ̀. Nílẹ̀ wa, àgbà kì í dé etí ibojì àbúrò. Ilé ló ń jókòó sí, ibẹ̀ la ti ń lọ kí i kú ọ̀fọ̀. Nítorí náà, ẹnu yà wá nígbà tí Bàbá Òkè-Àgbò tiro wọlé bí wọ́n ti ń gbé òkú náà sínú ilẹ̀. Bàbá mi sáré pàdé rẹ̀, ó ní kí wọ́n má dé ibẹ̀, pé èèwọ̀ ni. Bàbá náà fi ọwọ́ gbá a sẹ́yìn. Ojú fèrèsé lèmi wà pẹ̀lú àwọn obìnrin. Mo rí i tó gbé ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀, tó fi gbogbo àyà dọ̀bálẹ̀ lórí yẹ̀ẹ̀pẹ̀ tútù.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ó ní, “ó dàárọ̀ o.”

Lémọ́ọ̀mù ló bá a gbé ọ̀pá rẹ̀ nílẹ̀.

Nígbà tí mo lọ kí i lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, ó sọ fún mi pé ìyá òun jẹ́wọ́ fún òun kó tó kú pé Bàbá Àgbà ni ẹ̀gbọ́n. Ó ní ọjọ́ tí òun bá ti múra láti sọ ọ́, kí òun tó lanu, Bàbá Àgbà á ti dọ̀bálẹ̀. Ó wá bi mí bóyá Bàbá Àgbà mọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ohun gbogbo fún un, títí kan ọ̀rọ̀ ẹrù. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó fi bojú, ó sì sunkún bí ọmọdé. Èmi náà sunkún.

Òun náà ti lọ báyìí. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ní ilé-ìwé kan ní Awà, mo sì máa ń fún wọn ní iṣẹ́ ọdún kan ṣoṣo yẹn. Àwòrán àwọn bàbá méjèèjì wà lára ògiri ilé mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àwọn ọmọ mi máa ń bi mí pé èwo ló dàgbà jù níbẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, mo tilẹ̀ lè ṣírò rẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ká ní àwọn bàbá náà wà láàyè tí àwọn ọmọ mi bi wọ́n ni, oníkálukú wọn ì bá nawọ́ sí èkejì.