Kútọnu Ni Táyé Wà

Títí di òní, bí èéfín ẹja yíyan bá fẹ́ kọjá lójú títì tí òórùn bẹntiróòlù sì wà nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ mi á dúró fúnra rẹ̀. Wọ́n ti mọ̀ mí bẹ́ẹ̀ ní Èrúwà níbí. Àwọn ọlọ́kadà tó ń dúró de èrò ní oríta á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ìyá Télọ̀ tún ti dúró o!" Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Tí mo bá ti dúró díẹ̀, màá tún máa lọ.

Igbó-Ọrà ni wọ́n ti bí mi, níbi tí ìbejì kì í ti í ṣe ohun ìyanu fún ẹnikẹ́ni. Èmi ni Kẹ́hìndé. Táyé ló kọ́kọ́ jáde, obìnrin bíi tèmi, ojú kan náà, ṣùgbọ́n gbogbo ayé mọ̀ pé èmi ni ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mo rán an níṣẹ́ pé kó lọ wo bí ayé ṣe rí, kó sì wá sọ fún mi. A ò tíì tó ọmọ tó ń lọ sílé ìwé nígbà tí ibà mú àwa méjèèjì lórí ẹní kan náà. Èmi dìde. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Táyé, wọn kì í fẹnu pè é nílé wa, èmi náà ò sì ní kọ ọ́ síbí. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá lọ, ohun tí àwọn àgbà máa ń sọ ni pé ó rìnrìn àjò. Ìyá mi àgbà ló wá sọ ibi tí ó rìnrìn àjò náà lọ. Àwọn aláṣọ àdúgbò wa máa ń lọ rajà ní Kútọnu, ibẹ̀ ni ibi tó jìnnà jù tí màmá yẹn mọ orúkọ rẹ̀, nítorí náà Kútọnu ni Táyé lọ. Bó ṣe di ọ̀rọ̀ ilé wa nìyẹn. Tí àlejò bá ní, "Táyé ńkọ́?" a ó ní, "Kútọnu ló wà." Tí aláṣọ kan bá sì ti Kútọnu dé, ìyá tó bí mi á bi í pé, "Ṣé ẹ rí Táyé wa?" Onítọ̀hún á ní, "A rí i o, ó ní ká kí yín." Wọn á rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọn á sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Èmi tí mo gọ̀, mo gbà á gbọ́. Mo bá Táyé bínú títí pé ó ń dá jẹ búrẹ́dì gígùn tí àwọn aláṣọ máa ń ròyìn, kò sì fi ẹyọ kan ránṣẹ́ sí mi. Nílé ìwé, mo ń fọ́nnu fún àwọn ẹgbẹ́ mi pé èmi ní ìkejì lókè òkun, bẹ́ẹ̀ títì lásán ni wọ́n ń gbà dé Kútọnu. Mo ti dàgbà kí ọ̀rọ̀ náà tó yé mi, kò sì sí ẹni tó là á yé mi. Ọjọ́ kan ni mo kàn ṣàkíyèsí pé n kì í bèèrè mọ́ ìgbà tí yóò dé.

Ọ̀rẹ́ mi aláṣọ ló mú mi débẹ̀ nígbẹ̀yìn. Láti kékeré la ti jọ wà. Igbó-Ọrà ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, èmi sì fi ìdí máṣíìnì ìránṣọ mi kalẹ̀ sí Èrúwà. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ọjọ́ tó wá kó aṣọ fún mi láti rán, ó wò mí lójú, ó ní, "Kẹ́hìndé, ṣé ìdí máṣíìnì yìí lo máa gbó sí ni? Ọmọ ẹ ti lọ sí pólì, ọkọ ẹ ò dè ọ́ mọ́lẹ̀. Bá mi lọ sí Kútọnu. Tí a bá ra ọjà tán, a ó fi ọjọ́ kan gbáfẹ́ bí àwọn òyìnbó." Mo lọ dágbére fún ìyá mi. Ó rẹ́rìn-ín bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bó o bá rí Táyé, bá mi kí i."

Ọjọ́ ìgbafẹ́ náà kọ́kọ́ dùn. Àwọn ọlọ́kadà ibẹ̀ wọ ẹ̀wù yẹ́lò, bẹntiróòlù wà nínú ìgò lẹ́bàá títì bíi pé epo pupa ni wọ́n ń tà. Ọ̀rẹ́ mi ń fi Faransé tó gbọ́ lọ́jà ná ohun tí kò fẹ́ rà. A lọ wo ère obìnrin ajagun kan tó ga tó bẹ́ẹ̀ tí ọrùn fi ń dun ẹni tó bá wojú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ń fi fóònù ya àwòrán wa, "Yọ eyín síta! O dà bí ẹni tí wọ́n wá mú." Níbẹ̀ ni obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ gbé orí sókè, tó mi orí sí mi bí ènìyàn ti máa ń ṣe sí ẹni tó ti kí lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀. Mo mi orí padà. N kò kà á sí.

Lẹ́yìn náà la lọ wọ ọkọ̀ ojú omi láti lọ wo ìlú tí wọ́n kọ́ sórí òpó láàárín ọ̀sà. Bàbá arúgbó kan ló wà á. Ará Kétu ni ìyá rẹ̀, nítorí náà ó gbọ́ Yorùbá. Bí mo ṣe ń wọlé, ọkọ̀ mì, ọ̀rẹ́ mi pariwo, "Kẹ́hìndé, jókòó jẹ́ẹ́, má dà wá sómi!"

Bàbá náà wò mí. "Kẹ́hìndé ni ẹ́? Táyé ńkọ́?"

Ẹnu mi dáhùn kí orí mi tó mọ̀. "Kútọnu ló wà."

"Ó dáa," ni bàbá náà wí. "Kò jìnnà nìyẹn."

Ọ̀rẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rín. Láti kékeré ni mo ti ń sọ gbólóhùn yẹn, ibi tó jìnnà ni mo sì máa ń tọ́ka sí. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ́ níbi tó ti jẹ́ pé ibi tí mo dúró sí gan-an ni mo ń dárúkọ.

Ìlú orí omi náà dára láti wò. Wọ́n ń tajà nínú ọkọ̀, àwọn obìnrin dé àkẹtẹ̀ fífẹ̀, àwọn ọmọdé ń wakọ̀ bí ọmọ tiwa ti ń gun kẹ̀kẹ́. A gun orí pátákó ilé obìnrin kan tó ń yan ẹja. Bó ṣe rí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó sọ̀rọ̀ ní Ègùn, ó sì na ẹja tó fi ewé pọ́n sí mi. Ọ̀rẹ́ mi, tó gbọ́ Ègùn díẹ̀, ní, "Ó ní èyí tó o gbàgbé síbí rè é."

"Sọ fún un pé n kò débí rí."

Wọ́n jọ sọ ọ́ síwá sẹ́yìn. Ẹ̀rín kúrò lójú ọ̀rẹ́ mi díẹ̀díẹ̀. "Ó ní aṣọ tó wà lọ́rùn ẹ yìí náà lo wọ̀. Àfi pé o bọ́ bàtà nígbà yẹn."

N kò gba ẹja náà. Mo sọ pé ká máa lọ.

Nígbà tí a dé ìdí ọkọ̀, ojú ọ̀run ti ṣú lápá kan. Ọkọ̀ mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, ó ti fẹ́ kún, ẹni tó ń wà á sì ti tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Bàbá tiwa gbé àjẹ̀ lé orí itan, ó jókòó.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ, òjò ń bọ̀," ni ọ̀rẹ́ mi wí.

"À ń dúró de Táyé."

"Táyé wo?"

"Ìkejì rẹ̀. Kẹ́hìndé yìí ló sọ fún mi pé Kútọnu ló wà. Táyé tẹ̀lé wa wá. Mo rí i lẹ́yìn ilé ẹlẹ́ja. N kò lè gbé ọ̀kan kí n fi ọ̀kan sílẹ̀."

"Kò sí Táyé kankan o! Kẹ́hìndé, sọ fún bàbá yìí. Sọ fún wọn pé ó ti..."

Mo fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. N kò mọ ìgbà tí mo ṣe é. Gbogbo ohun tó yẹ kí n sọ kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ, a ó sì gbéra. Ṣùgbọ́n wọn kì í fẹnu pè é nílé wa. Ọ̀rẹ́ mi ti ọwọ́ mi dànù. "Ìwọ àti bàbá yìí, ẹ jókòó síbẹ̀ kẹ́ ẹ jọ máa retí ẹni tí kò sí!" Ó gbé báàgì rẹ̀, ó ti ẹsẹ̀ kan bọ ọkọ̀ kejì. Kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. N ò mọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù, mo kàn mọ̀ pé kò gbọdọ̀ lọ, mo sì fà á ní ìró. Ìró náà tú. Ó pariwo orúkọ Ọlọ́run, ó fò padà sórí pátákó láti gbá aṣọ rẹ̀ mú, àwọn èrò inú ọkọ̀ yẹn sì ń rín wa bí wọ́n ṣe ń ṣí lọ. Ó bú mi débi tí ó bú mi dé. Ẹ̀rín àwọn èrò náà ṣì ń dún nígbà tí ọkọ̀ wọn kọ igun.

Ìjì náà dé láìkìlọ̀. A sá wọ abẹ́ òrùlé ẹlẹ́ja, omi àti ọ̀run di àwọ̀ kan náà. Nígbà tó rọlẹ̀, igbe la kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà la rí àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń wa ọkọ̀ sáré lọ síbi igun náà. Wọ́n fa àwọn kan jáde. Àwọn kan, wọn ò rí wọn. Ọ̀rẹ́ mi di ọwọ́ mi mú.

Bàbá náà sọ̀ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó gbọ́n omi inú rẹ̀ dànù. Àwa méjèèjì wọlé. Ó wá na ọwọ́ sí ẹ̀yìn wa, bí ẹni ti máa ń ran obìnrin lọ́wọ́ wọ ọkọ̀. Kò sí ẹni tó mira nínú wa, ṣùgbọ́n ìdí ọkọ̀ rì díẹ̀, ó sì padà dúró.

"Ó ti dé. Ẹ jókòó."

Ọ̀rẹ́ mi, tó ní kò sí Táyé kankan, fi ohùn kékeré bèèrè pé, "Níbo ló lọ, Bàbá?"

"Ó lọ wo omi."

N kò wẹ̀yìn títí a fi gúnlẹ̀. Pátákó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tutù, ṣùgbọ́n òjò ti rọ̀, gbogbo nǹkan ló tutù, n kò fẹ́ sọ ju ohun tí mo mọ̀ lọ. Ní èbúté, bàbá náà na ọwọ́ sí ọ̀rẹ́ mi, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó nà án sí mi, mo sọ̀ kalẹ̀. Ó sì tún nà án lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Nígbà tí mo délé ní Igbó-Ọrà, ìyá mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé o rí Táyé wa?"

Mo mọ ìdáhùn náà láti kékeré. "Mo rí i," ni mo wí. Ó kù kí n sọ pé ó ní kí n kí yín. N kò lè sọ ọ́. Ẹni tó kù síbi tó wà ló máa ń ránṣẹ́ kí èèyàn báyẹn.

Ìyá mi ń retí ìyókù. Nígbà tí kò gbọ́ ọ, ó gbé ojú kúrò lára mi, ó wo ẹ̀yìn mi, níbi tí kò ti sí ènìyàn, ó sì gbé àtẹ ẹ̀wà kúrò lójú ọ̀nà. "Ó dáa," ló wí. "Ẹ wọlé."

Ìyá mi kò fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ rí láyé mi.

Ọ̀rẹ́ mi ṣì ń kó aṣọ wá fún mi. Ó ti pa gbogbo àwòrán ọjọ́ náà rẹ́ nínú fóònù rẹ̀, òun ló sọ fún mi, n kò sì bi í pé kí ló dé. Ìyá mi ti darúgbó gan-an báyìí. Kò bi ẹni tó bá ti Kútọnu dé ní nǹkan kan mọ́, bí àlejò bá sì ní, "Táyé ńkọ́?" á ní, "Ó ti dé." Etí ibùsùn ni mo máa ń sùn sí, kí àyè lè kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n dúpẹ́, mo sì ń dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọpẹ́ náà kò lé ẹ̀rù kúrò lára mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń dúró bí mo bá gbóòórùn èéfín yẹn ní oríta. Mo ń jẹ́ kí Táyé kọ́kọ́ lọ wo ọ̀nà.